Níbùú, Lóòró

Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Olátẹ́jú ya onígun mẹ́ta méjì sójú pátákó,
kékeré lápá òsì, ńlá lápá ọ̀tún,
èso kaṣú tó ń já lu páànù kíláàsì ni mò ń kà.
Wọ́n ní, “Ajọra ni wọ́n. Igun wọn kò yàtọ̀.
Iye tí ẹ bá fi sọ ẹ̀gbẹ́ kan di púpọ̀,
òun náà ni kí ẹ fi sọ ìyókù.
Ìlọ́po kan náà, níbùú, lóòró.
Ẹ má ṣojúsàájú.”
Mo dà á kọ. Kò yé mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni bàbá mi mú fọ́tò ìyá wọn
lọ fún Bọ̀dá Gbádébọ̀ ní Arówómọlé,
páṣípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tí Ìyá Àwẹ̀ró yà láyé,
èyí tí a ṣí kúrò lára káàdì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
tí gọ́ọ̀mù ṣì gan mọ́ lẹ́yìn.
Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní òró.
Wọ́n ti ra férémù sílẹ̀ ní Sábó, torí ó dínwó:
mẹ́rìnlélógún ní ìbú, ogójì ní òró.
“Kó ṣáà ti kún un,” ni wọ́n wí.

Ó kún un.
Nígbà tí a tú bébà kúrò lára rẹ̀ nílé wa ní Màsífà,
kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ojú Ìyá tó rí roboto bí ìdí igbá
ti gùn gbọọrọ, bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lágbọ̀n.
Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn na bí ẹsẹ̀ lékèélékèé.
Tẹ̀níọlá, àbúrò mi, béèrè pé, “Ta nìyí?”
Bàbá ní, “Ó kúkú tóbi.”
Wọ́n jókòó. Wọn ò wo ògiri mọ́.

Oorun kọ̀. Mo dìde lóru, mo mú rúlà.
Mẹ́ta di mẹ́rìnlélógún: ìlọ́po mẹ́jọ.
Mẹ́rin di ogójì: ìlọ́po mẹ́wàá.
Mo tún un wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni.
Háà.
A fi mẹ́wàá gùn, a fi mẹ́jọ fẹ̀.
A kẹ́ òró, a rẹ́ ìbú jẹ,
ìyá onílé wá di àlejò nínú ilé tí wọ́n kọ́.

Bọ̀dá Gbádébọ̀ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín,
ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ kọ́ ọ̀gá níṣẹ́.
Mo yà á sẹ́yìn àpò ìwé kan:
“Mẹ́jọ níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún.
Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ, méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀.”
“Férémù yín tó máa wá ṣófo ńkọ́?”
“Ẹ jẹ́ kó ṣófo.”
Ó wo páṣípọ́ọ̀tù, ó wo bébà funfun,
ó fi ojú tò ó: mẹ́jọ ní ìlà kan, ìlà mẹ́jọ.
“Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta irú èyí ló máa bo ìyẹn?
Mo ṣe bí mẹ́jọ ni!”
Èmi náà, mẹ́jọ ni mo pè é tẹ́lẹ̀. N ò sọ fún un.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló ṣófo nísàlẹ̀ férémù.
Bàbá fi páálí dúdú dí i,
wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ ìyá wọn síbẹ̀,
lẹ́tà wọn wọ́, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú,
kò sí ìlọ́po tó lè tò wọ́n.

Nígbà tí ilé dá, mo gun àga.
Lára páṣípọ́ọ̀tù, pélé Ìyá kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà.
Ìdajì lọ́nà mẹ́jọ: mẹ́rin.
Mo na ìka lé e, láti èékánná dé oríkèé kejì,
ibi tó máa ń dé gan-an
nírọ̀lẹ́, tí mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn,
tí wọ́n á ní kí n yéé fi ìka họ àwọn lójú.

Ó ṣe déédéé.
Ìlọ́po ẹyọ kan.